Èmi Ni Mo Ní Kí Wọ́n Má Pààrọ̀ Windows 98

Súwíìṣì iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi. Bí mo bá na ẹsẹ̀ díẹ̀, mo lè fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ pa á. Kí ló dé tí mi ò pa á?

Ó ti pé ọdún márùn-ún tí mo ti ń bi ara mi. Mo bi ara mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo bi ara mi nídìí aṣọ fífọ̀, mi ò rí èsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka èyí, bóyá ẹ̀yin á rí i.

Fẹ́yìsayọ̀ lorúkọ mi. Ọdún 2004 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí Tiwa, àkọ́bí mi, jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ. Mi ò lọ sílé ìwé ní kékeré. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún kí n tó mọ A yàtọ̀ sí B, ní kíláàsì àwọn àgbà tí Aunty Helen ń ṣe ní ọ̀sán ní Ìkòsì. Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Mummy George, obìnrin kan tó ń gbé ní Màgódò, wá gbà mí sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ lẹ́tà fáwọn èèyàn lọ́nà Mile 12.

Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan nínú lọ́hùn-ún. Windows 98 ló wà lórí méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àìsàn tó ń ṣe mí. Ẹni tó mọ̀wé láti kékeré ò lè mọ irú ẹ̀. Nígbà tí mo mọ̀wé kà tán, ojú mi ò lè sinmi mọ́. Mo ń ka páálí ọṣẹ. Mo ń ka ẹ̀yìn mọ́tò. Mo ń ka bébà tí wọ́n fi wé àkàrà fún mi, òróró á sì rin mí lọ́wọ́. Nígbà tí ìyẹn ò tó mi mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà àwọn oníbàárà.

Gbogbo ohun tí èèyàn bá tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà yẹn, ibẹ̀ ló ń wà, kò sí kọ́kọ́rọ́. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé, màá gbé Tiwa lé itan, màá sì máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ bàbá tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ bíbí inú ẹ̀. Mo mọ géńdé kan tó kọ lẹ́tà ìfẹ́ kan náà sí ọmọbìnrin mẹ́ta, orúkọ nìkan ló ń pààrọ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún. Ó ń dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ.

Karimot náà jẹ́ ará kíláàsì wa. Àga kan náà la jọ ń jókòó sí. Ọmọ Agbóyì tó wà lódìkejì omi ni, ó ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12. Salaudeen, ọkọ ẹ̀, ni ọ̀gá àwọn aláàrù níbi àlùbọ́sà.

Ojú mi ló ṣe lọ́jọ́ tí Salaudeen fi bẹ́líìtì na ọmọ ọkọ̀ kan tí àpò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó nà án títí tó fi rá pálá wọ abẹ́ tírélà. Nígbà tó ṣe tán, ó bu omi fọwọ́, ó ní kí wọ́n bá òun ra mínírà tó tutù.

Karimot máa ń wá sí kíláàsì pẹ̀lú ojú wíwú.

"Mo ṣubú ní balùwẹ̀ ni," á wí.

Lọ́jọ́ kan mo dá a lóhùn. "Balùwẹ̀ tiyín yìí mà mọ̀ ọ́n jà o! Ṣé kò níyàwó tó lè bá a jà ni?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Karimot náà rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, torí eyín kan ti yọ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú.

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ti inú, ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́.

"Karí, ta lò ń kọ̀wé sí?" mo bi í.

"Àwọn ẹbí mi ni."

"Ṣé kí n bá ẹ tẹ̀ ẹ́ kó lè yá?"

"Rárá. Èmi ni kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́." Ó wo Tiwa, ó fà á létí díẹ̀. "Ìwọ, o ti ń sanra sí i."

Ó tọ́jú lẹ́tà náà síbẹ̀, ó lọ. KARIMOT ló fi ṣe orúkọ ẹ̀, gàdàgbà gadagba. Bí gbogbo àwa ọmọ Aunty Helen ṣe ń ṣe nìyẹn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ni pé kí oníkálukú kọ orúkọ ara ẹ̀ sórí ìwé kó tó kọ nǹkan míì, a ò sì mọ̀ pé ibì kan wà láyé tí kò ti yẹ kéèyàn ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ Tuesday, mo ṣí i.

"Ẹ̀yin ẹbí mi," ni Karimot kọ. "Salaudeen ti fi áyọ́ọ̀nù jó mi nítan. Ó ní bí mo bá lọ, òun á pa mí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí, tó bá lọ kírun, mo fẹ́ kó àwọn ọmọ gba etí omi wá sí Agbóyì. Ọmọ méjì àti ẹrù ti pọ̀ jù fún mi. Bí mo bá lè rí obìnrin kan tó máa bá mi kó àwọn ọmọ ṣáájú dé etí omi láàárọ̀, mi ò tún ní bẹ Ọlọ́run ní nǹkan kan mọ́."

Mo sunkún. Mo tún un kà. Ẹ forí jì mí, ìtàn ni mo pè é. Ṣe ni mo ń ronú bó ṣe máa parí.

Mo ṣì ń kà á nígbà tí Mummy George wọlé pẹ̀lú Bartholomew, ẹni tó ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe. Mo yára pa lẹ́tà náà dé.

"Madam, ẹ wò ó," Bartholomew wí. "98 yìí ti darúgbó. Ó ń kú lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé XP sí méjèèjì. Màá fi mẹ́mórì díẹ̀ kún un. Tó bá fi máa di ọ̀la, mo ti parí."

"Kí ni XP fẹ́ ṣe tí èyí ò lè ṣe?"

"Kò ní máa kú báyìí. Àti pé oníbàárà yín kọ̀ọ̀kan á ní páàsíwọ́ọ̀dù tiẹ̀. Ohun tó bá kọ, òun nìkan lá máa rí i. Èyí tẹ́ ẹ ń lò yìí, gbogbo ayé ló lè wọ inú ẹ̀. Ó dà bí ṣáláńgá tí ò nílẹ̀kùn."

Mummy George rẹ́rìn-ín. Wọ́n yíjú sí mi. "Fẹ́yìsayọ̀, ìwọ lò ń jókòó tì í látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ṣé ká ṣe é?"

Mo rí gbogbo lẹ́tà yẹn lójú ara mi, tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mummy, ẹ má ṣe é o," mo wí. "Pirińtà yìí ò ní gbà. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọjọ́tà gbé XP sí tiwọn, láti ọjọ́ náà ni pirińtà wọn ò ti tẹ nǹkan kan mọ́."

Irọ́ ni. Mi ò wọ ṣọ́ọ̀bù kankan rí ní Ọjọ́tà.

Bartholomew wò mí. "Ṣọ́ọ̀bù wo nìyẹn, Aunty? XP lọ na pirińtà pa ní Ọjọ́tà? Ṣé ó mú kòbókò lọ ni?"

"Mo ń sọ ohun tí wọ́n sọ fún mi. Àwọn oníbàárà wa náà, eléyìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n lò. Tá a bá yí i padà, wọ́n á sá."

Mummy George ronú díẹ̀. "Bartholomew, jẹ́ ká fi sílẹ̀ di ọdún tuntun. Ẹni tó ń lò ó ló sọ̀rọ̀ yẹn."

Ọkàn mi balẹ̀. Ní Wednesday, mo tún ṣí lẹ́tà Karimot, mo tún un kà. Mo rò ó pé kí n lọ bá a. Àmọ́ tí mo bá lọ, á bi mí bí mo ṣe mọ̀. Kí ni màá wí? Mo gbé ẹnu mi dákẹ́.

Ní ọ̀sán Thursday, Salaudeen wọlé.

Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló máa ń wá tún ìwé àwọn aláàrù ẹ̀ ṣe, ẹni tó máa já ẹrù lónìí, ẹni tó máa já a lọ́la. Inú dísíkẹ́ẹ̀tì ló ń tọ́jú ẹ̀ sí, kọ̀ǹpútà ẹnu ọ̀nà ló sì máa ń lò. Ó jókòó, ó ń tẹ̀ ẹ́. Lójijì, ojú kọ̀ǹpútà di búlúù bámú, ọ̀rọ̀ funfun yọ sí i.

"Kí nìyí?"

"Ó ti kú ni, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n tún un tàn."

Mo tún un tàn. Ó tún di búlúù. Salaudeen gbá a ní àbàrá kan, ó mì tìtì lórí tábìlì.

"Ṣé ẹ̀rọ yìí ò mọ ẹni tí mo jẹ́ ni?"

Tiwa figbe ta lẹ́yìn mi. Ẹ̀rù bà mí. Ohun tí mo fẹ́ nìkan ni pé kí ọwọ́ yẹn kúrò nítòsí ọmọ mi.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ lọ sí ti inú."

Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́.

Ìgbà tó jókòó tán ni mo tó rántí. Mo tẹ̀ lé e wọlé, mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó ki dísíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́. Kó tó débi tó ń lọ, kọ̀ǹpútà to gbogbo orúkọ tó wà nínú ẹ̀ síta. Máòsì ń lọ, ó ń lọ. Ó dúró.

"Karimot," ó kà á síta. "Karimot wo nìyí?"

Mo ń tún ọ̀já Tiwa so.

"Ìyá Tiwa, mo ní Karimot wo nìyí?"

"Àwọn Karimot pọ̀ ní Kétu, ọ̀gá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni." Ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ìwé kíkà ò yá a. Ètè ẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà á, mo sì mọ lẹ́tà náà lórí, mo mọ ibi tó dé. Ó dé ibi áyọ́ọ̀nù. Ó dé ibi Jímọ̀. Súwíìṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi, iná pupa ń tàn lára ẹ̀. Mo wò ó. Ẹsẹ̀ mi wà níbẹ̀, kò mì. NEPA tó ń mú iná lọ nígbà mẹ́wàá lójúmọ́, iná dúró gbọn-in lọ́jọ́ yẹn. Ó dé ibi etí omi. Ó dé ìparí. Ó padà sókè, ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó yọ dísíkẹ́ẹ̀tì, ó fi sápò. Ó ti àga padà sábẹ́ tábìlì dáadáa.

"O ṣé o, Ìyá Tiwa."

Ó jáde. Ó sọdá títì lọ sápá Mile 12.

Mo mọ ọ̀nà kan tó ṣe tààrà ju tiẹ̀ lọ. Tí mo bá sáré, màá dé ọ̀dọ̀ Karimot ṣáájú ẹ̀. Mo jókòó. Mo ní á dúró kí wọ́n délé ná. Mo ní bóyá kò yé e. Mo fún Tiwa lọ́mú. Kò tíì mu ú tán tí mo fi gbọ́ ariwo.

Ìgbà yẹn ni mo tó sáré.

Àárín àpò àlùbọ́sà ni Salaudeen ká Karimot mọ́. Ọ̀pá irin kan tó yọ lára bárò ló wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Agbóyì lò ń lọ?" Ó là á mọ́ ọn léjìká. "Jímọ̀ lò ń lọ?" Ó là á mọ́ ọn lẹ́yìn. "Nígbà tí mo bá ń kírun? Nígbà tí mo bá ń kírun, Karimot?"

Karimot gbé ọwọ́ sókè láti gbà á. Mo gbọ́ nígbà tí ọwọ́ yẹn kán. Bí igi gbígbẹ ló ṣe dún. Àwọn aláàrù tó jẹ́ ọmọ abẹ́ ẹ̀ dúró yí ká, ẹnì kankan ò mira. Àlùbọ́sà ń yí kiri nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń bẹ lára wọn.

"Ẹ gbà mí!" Karimot ń ké. "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbà mí!"

Ó rí mi. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó nawọ́ tí kò kán sí mi. Ọ̀pá yẹn tún balẹ̀, ojú ọ̀tún ẹ̀ ló bá.

Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ dá sí i. Wọ́n gbé àpò sọ lu Salaudeen. Awakọ̀ Hausa kan bọ́ sílẹ̀ látinú tírélà, ó dì í mú lẹ́yìn. Ó já ara ẹ̀ gbà, ó yíjú, ó rí mi.

"Ẹ̀yin onímọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà! Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ lójúdi! Mo máa fọ́ ẹ̀rọ yẹn, màá fọ́ orí ìwọ náà!"

Mo sá. Tiwa ń gbọ̀n jìgìjìgì lẹ́yìn mi. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo ti ilẹ̀kùn gíláàsì, mo wọ abẹ́ tábìlì ti inú, mo tú ọmọ mi, mo fi àyà bò ó. Ìgbà kan ṣoṣo ló lu gíláàsì yẹn, ó tú ká. Ó fọ́ kọ̀ǹpútà ẹnu ọ̀nà títí tí kò fi ní ìrísí mọ́. Ó wọ inú. Ó gbé ojú kọ̀ǹpútà kejì sókè, ó là á mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Ó bú gbàmù. Tiwa dákẹ́ ẹkún lójijì, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn látiwájú orí ẹ̀.

Mo rò pé ó ti kú. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn mi fi lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìró ohùn mi làwọn awakọ̀ fi mọ ibi tá a wà. Wọ́n wọ́ Salaudeen jáde, wọ́n lù ú, kí ọlọ́pàá tó dé. Àfọ́kù gíláàsì ló gé Tiwa. Wọ́n rán ojú ọgbẹ́ náà lọ́nà mẹ́rin.

Ní Saturday, Mummy George pè mí sí ṣọ́ọ̀bù. Bartholomew wà níbẹ̀, Aunty Helen wà níbẹ̀, ìyá Karimot náà ti Agbóyì wá, aṣọ tó fi gbé ọmọ ẹ̀ lọ sọ́sìbítù ló ṣì wọ̀.

"Ta ló fi lẹ́tà ọmọ mi han ọkọ ẹ̀?" ìyá náà bi mí.

"Òun fúnra ẹ̀ ló rí i, Mà. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

Bartholomew sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Àpótí kọ̀ǹpútà ti inú ò fọ́, ojú ẹ̀ nìkan ló fọ́. Ó ti so ojú míì mọ́ ọn. Ó tàn án, ó tẹ ibì kan.

"98 máa ń tọ́jú orúkọ ìwé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ṣí kẹ́yìn," ó wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Lẹ́tà bàbá tó ń tọrọ àforíjì. Lẹ́tà ìfẹ́. Lẹ́tà mìíràn. Ó dúró. "Ẹni tó kọ eléyìí, ṣebí ó ti kó lọ sí Kánò láti ọdún tó kọjá? Ta ló wá ń ṣí i lọ́sẹ̀ yìí?"

Gbogbo ojú yí sí mi.

"Madam, ẹ rántí Tuesday?" Bartholomew wí. "Mo ṣe bí pirińtà ló ń ṣàánú. Kì í ṣe pirińtà."

Mummy George ò pariwo. Ìyẹn ló burú jù. "Fẹ́yìsayọ̀, ṣé o ti ka lẹ́tà Karimot kí Salaudeen tó wá?"

Mo kúnlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ìgbà wo?"

"Tuesday."

"Ìyẹn ni pé nígbà tí mo bi ọ́ pé ṣé ká pààrọ̀ 98, o ti kà á. O mọ̀ pé ọkùnrin yẹn lè pa á. O ní ká fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Nígbà tó sì dé, ìwọ lo ní kó lọ jókòó síbẹ̀?"

Ìyá Karimot gbá mi létí. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, Tiwa wà lẹ́yìn mi pẹ̀lú báńdéèjì lórí. Ó tún gbá mi. Ó gbá mi lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹnì kankan ò dì í mú.

"Ìwé tí wọ́n kọ́ ẹ," ó wí, "ṣé kó o lè fi pa ọmọ mi ni?"

Ọjọ́ náà niṣẹ́ mi bọ́. Ládé, ọkọ mi, ò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù kan. Ojú ọ̀tún Karimot fọ́ pátápátá, ọwọ́ ẹ̀ ò sì nà tán títí dòní. Wọ́n rán Salaudeen lẹ́wọ̀n. Bartholomew gbé XP sórí kọ̀ǹpútà tó kù lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pirińtà yẹn sì ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní.

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo ka ìwé tí kì í ṣe tèmi. Ohun tí mo rò pé mo máa kọ síbí náà nìyẹn.

Àmọ́ lóṣù tó kọjá, mo pàdé Aunty Helen ní ilé ìwé tí mo ti fẹ́ forúkọ Tiwa sílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọkùnrin níwájú wọn. Mo ní kí wọ́n bá mi bẹ Karimot, pé mo ka lẹ́tà tó kọ sáwọn ẹbí ẹ̀.

Wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Dìde," wọ́n wí. "Gbogbo kíláàsì ló mọ̀ pé o máa ń ka lẹ́tà àwọn èèyàn. Karimot náà mọ̀. Ojú ń tì í láti fẹnu sọ ọ́ fún ẹ. Ó ní òun ti gbé e síbi tó o ti máa rí i. Títí di Thursday yẹn ló fi ń retí ẹ."

Mo ní àwọn ẹbí ẹ̀ ló kọ ọ́ sí, mo fi ojú mi rí i.

Ìgbà yẹn ni Aunty Helen sọ fún mi pé nínú gbogbo ẹbí Karimot ní Agbóyì, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀wé kà.